Ìpalára Iná Mànàmáná Láàárín Àwọn Ẹnjiníà Ibùdó Ìpín-iná

Àwọn kókó pàtàkì

• Iná alágbára a máa ba inú ara jẹ́ ju bí awọ ara ti ń fi hàn lọ.
• Ẹni tí iná gbé ní ibùdó ìpín-iná gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ dìde tí ó sì ń rìn.
• Ìtọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí tí ó pọ́n lẹ́yìn ìjàǹbá náà jẹ́ àmì ewu fún kíndìnrín.
• Ìjàǹbá yìí ṣeé dènà.

Àkópọ̀

Ní Nàìjíríà, iná 330,000 volt àti 132,000 volt ni àwọn wáyà ńláńlá ń gbé láti ìlú dé ìlú. Ibùdó ìpín-iná ni a ti ń dín in kù sí 33,000 tàbí 11,000 volt, kí ó tó dé taransífọ́mà àdúgbò. Láàárín irú agbára bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà tí ń ṣe àtúnṣe ibùdó wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́.

Bí ewu náà ṣe ń wáyé

Kì í ṣe ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ kan wáyà nìkan ni iná ń gbé e. Iná alágbára lè fò bá ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù. Wáyà tí a ti pa pàápàá lè ní iná nínú, nítorí wáyà mìíràn tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí nítorí jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan tí ń dá iná padà sórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, iná a bú gbàù, ooru rẹ̀ a sì jó ojú àti ọwọ́.

Ohun tí iná ń ṣe nínú ara

Ojú egbò lè kéré nígbà tí ẹran inú apá ti jóná. Ẹran tí ó bàjẹ́ a máa tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Apá tàbí ẹsẹ̀ lè wú débi tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráyè kọjá. Bí a kò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ó lè di gígé. Ọkàn lè máa gbọ̀n dípò kí ó máa lù. Àìsùn, ìpayà àti ìgbàgbé lè tẹ̀lé e, ẹyinjú sì lè di funfun lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún.

Ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́

• Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni náà títí a ó fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a ti pa iná. Igi gbígbẹ kì í ṣe ààbò lọ́wọ́ iná alágbára.
• Bí kò bá mí dáadáa, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, nígbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.
• Ẹ da omi tútù sí ojú ibi tí ó jóná fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe fi epo, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á.

Fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera

Ẹ béèrè bí agbára iná náà ti pọ̀ tó, àti bóyá aláìsàn ṣubú láti òkè. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ECG fún un. Ẹni tí iná tí ó tó 1,000 volt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé, tàbí tí ó dákú, ni a sábà máa ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí 24. Ẹ máa wọn ìtọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ apá àti ẹsẹ̀ wò léraléra. Ẹ má ṣe gbàgbé abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ìdènà

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ pa iná, kí a fi àgádágodo tì í, kí a dán wáyà wò bóyá iná kò sí nínú rẹ̀, kí a sì so ó mọ́ ilẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ títí yóò fi parí.

Òṣìṣẹ́ mìíràn a máa fi í pamọ́ pé iná gbé òun, nítorí ìbẹ̀rù ìbáwí. Kí àwọn ọ̀gá jẹ́ kí ó hàn gbangba pé a kì í jẹ ẹni tí ó bá sọ ọ́ níyà, nítorí wákàtí tí a fi pa á mọ́ lè gba apá, kíndìnrín tàbí ẹ̀mí.