Kámẹ́rà ń ka ife: ta ni yóò ka iṣẹ́ tó kù?



Bóyá ẹ ti rí fídíò ilé kọfí kan tí nọ́ńbà ń yọ lókè orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà lásán ni. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi àìmọye àwòrán kọ́ títí ó fi dá ènìyàn àti ife mọ̀. Ó ń ka iye ife tó ti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde, àti ìṣẹ́jú tí oníbàárà fi jókòó.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí búkà ní Kàbbà. Ẹni tó ń bu oúnjẹ ni yóò gba máàkì. Ẹni tó gún iyán, tó pọnmi, tó fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé ńkọ́? Kámẹ́rà ò rí i. Bí wọ́n bá fi nọ́ńbà yẹn sanwó, òun ni yóò gbà kéré jù.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé a ní ẹ̀tọ́ kí ẹ̀rọ nìkan má pinnu ohun tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àdéhùn iṣẹ́ lè yọ èyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ẹ lè ní kí ènìyàn tún ìpinnu náà wò.

Nítorí náà, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́, ẹ bèèrè: kí ni kámẹ́rà yìí ń kà? Ta ni yóò gbọ́ tẹnu mi?