Bí ẹ̀rọ sátẹ́láìtì ṣe dọ́wọ́ sọ̀féyọ̀ ní sáìtì

Ó ṣòro kéèyàn kọjá níbi tí wọ́n ti ń la títì márosẹ̀, tàbí níbi tí wọ́n ti ń fa ìpìlẹ̀ ilé ńlá lóde òní, kó má rí géńdé kan tó di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mú, tí nǹkan funfun kan dé ọ̀pá náà lórí bí olú. Á rìn síwájú díẹ̀, á dúró, á wo ojú ẹ̀rọ tó há mọ́ ara ọ̀pá, á tún sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ibi tí èèkàn yẹn bá wà ni katapílà máa gbẹ́. Ibi tí katapílà bá gbẹ́ ni wọ́n máa da kọnkéré sí. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta àpò sìmẹ́ǹtì kan báyìí kò ní fojú kékeré wo èèkàn.

Nǹkan funfun orí ọ̀pá yẹn ló ń gbọ́ ohùn àwọn sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, ohun tó sì ń gbọ́ ló fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pá dúró sí. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ dáadáa, àṣìṣe rẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Àwọn tó pilẹ̀ iṣẹ́ náà kò ro ti ilé kíkọ́ rárá. Ti ogun ni wọ́n ń rò.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1957 ni ìjọba Soviet fi Sputnik ránṣẹ́ sójú ọ̀run, ó sì ń ké lórí rédíò bó ṣe ń yí ayé ká. Ní ilé ìwádìí Applied Physics Laboratory ti Yunifásítì Johns Hopkins, ní Maryland lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ físíìsì méjì, William Guier àti George Weiffenbach, gbé rédíò kalẹ̀ láti gbọ́ ọ. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ohùn náà ń ga bí sátẹ́láìtì náà bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó sì ń rẹlẹ̀ bó bá ti kọjá. Láti inú ìyípadà yẹn nìkan ni wọ́n ti ṣírò ọ̀nà tó ń gbà lójú ọ̀run. Ní oṣù Kẹta 1958, ọ̀gá wọn, Frank McClure, pè wọ́n, ó ní kí wọ́n dojú ìṣirò náà dé: bí a bá ti mọ ibi tí sátẹ́láìtì wà, ṣé a ò lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ẹni tó ń gbọ́ ọ wà? Kì í ṣe ìbéèrè àbéèrèṣeré. Àwọn ológun ojú omi ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi tó máa ru ohun ìjà Polaris, ọkọ̀ tí kò bá sì mọ ibi tóun gan-an wà kò lè mọ ibi tí ọta rẹ̀ máa bọ́ sí.

Transit ni wọ́n pe ètò tó jáde látinú ìbéèrè yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún ológun ní 1964, wọ́n ṣí i fún aráàlú ní 1967. Àwọn sọ̀féyọ̀ tètè rí i lò. Ní àwọn ọdún 1980, òun ni wọ́n fi wọn òpó ìpìlẹ̀ káàkiri Áfíríkà nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní African Doppler Survey. Ṣùgbọ́n Transit ń fẹ́ sùúrù. Sátẹ́láìtì rẹ̀ kò pọ̀; èèyàn á jókòó ti ẹ̀rọ títí ọ̀kan á fi kọjá, á tún dúró de òmíràn. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn la títì?

Ọdún 1973 ni wọ́n fẹnu kò lórí ètò tuntun ní Pentagon, Brad Parkinson, kọ́nẹ́ẹ̀lì nínú ọmọ ogun òfurufú, ló sì darí rẹ̀. Òun ni GPS. Sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ gbéra ní oṣù Kejì 1978. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ru aago átọ́ọ̀mù, ó ń kéde ohun tí aago wí àti ibi tí òun wà. Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ á wo bí ìkéde náà ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, á fi mọ bí òun ṣe jìnnà sí i tó. Sátẹ́láìtì mẹ́ta ni ìbá tó, àmọ́ aago inú ẹ̀rọ ilẹ̀ kì í ṣe ojúlówó bíi tòkè, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ìkẹrin kó lè fi tún aago ara rẹ̀ ṣe. Bí aago bá fi ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà, ìwọ̀n ti fi 30 sẹ̀ǹtímítà ṣìnà nìyẹn. Ẹ̀rọ tó bá ń gbọ́ ìkéde nìkan, bíi fóònù ọwọ́ wa, á máa fi mítà díẹ̀ ṣì í. Mítà díẹ̀ kò ṣe ọkọ̀ òkun ní nǹkan kan. Ní Mushin, mítà méjì wọ ilẹ̀ aládùúgbò, ilé ẹjọ́ ni.

Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé lẹ́yìn tí ọmọ ogun Soviet yìnbọn lu ọkọ̀ òfurufú Korean Air Lines 007 ní oṣù Kẹsàn-án 1983, tí èèyàn 269 kú, ni Ààrẹ Reagan kéde pé aráàlú máa lo GPS lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Òótọ́ ni ìkéde yẹn. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó wà ní sáìtì là ń sọ, mi ò gbà pé ibẹ̀ ni orírun rẹ̀. Kí ọkọ̀ náà tó já ni Charles Counselman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń jẹ́ Macrometer. Counselman kò bẹ ológun pé kí wọ́n ṣí àṣírí ohun tí sátẹ́láìtì ń sọ fún òun. Ó pa ọ̀rọ̀ náà tì, ó gbájú mọ́ ìgbì rédíò tó gbé ọ̀rọ̀ wá.

Ìgbì náà, láti téńté kan dé èkejì, kò ju nǹkan bí 19 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ̀rọ tó bá mọ ibi tí ìgbì dé gẹ́lẹ́ nígbà tó kan òun lára lè fi mìlímítà sọ̀rọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìgbì kan jọ èkejì: ẹ̀rọ mọ ìdá tó kẹ́yìn, kò mọ iye odidi ìgbì tó wà láàárín òun àti sátẹ́láìtì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ méjì. Wọ́n á gbé ọ̀kan sórí òpó tí wọ́n ti mọ nọ́ńbà ibi tó wà, wọ́n á gbé èkejì síbi tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Àṣìṣe aago àti ti ojú ọ̀run tó bá bá àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà á pa ara rẹ̀ rẹ́, ìṣirò á sì wá odidi ìgbì náà rí. Ní 1983 wọ́n fi Macrometer wọnlẹ̀ ní agbègbè Eifel ní Jámánì. Kò rọrùn o. Ẹ̀rọ náà wúwo, sátẹ́láìtì ìgbà yẹn kò sì tíì pọ̀, wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ ni wọ́n fi ń yọ tó bó ṣe yẹ, ó sì lè jẹ́ òru.

Benjamin Remondi, òṣìṣẹ́ National Geodetic Survey ní Amẹ́ríkà, ló fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1985 pé kò pọn dandan kéèyàn máa jókòó ti òpó. Ẹ̀rọ kejì lè máa rìn kiri, kó fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan wọn ibi tó bá dé, bí kò bá ti sọ ohùn sátẹ́láìtì nù lójú ọ̀nà. Ilé ni wọ́n ṣì ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi rédíò kún un ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni nǹkan yí padà: ẹ̀rọ orí òpó ń sọ ohun tó ń gbọ́ fún èyí tó ń rìn, ìdáhùn sì ń jáde lójú ẹsẹ̀. RTK ni wọ́n ń pè é. Èyí tó dúró ni béèsì, èyí tó ń rìn ni rófà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé rófà sórí abẹ katapílà gan-an.

Ní oṣù Karùn-ún 2000, Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ àbùlà tí ológun ń bù mọ́ ohùn GPS dúró, inú awakọ̀ àti atukọ̀ dùn. Sọ̀féyọ̀ tó ní béèsì àti rófà kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀, nítorí lára àwọn àṣìṣe tó ń pa ara wọn rẹ́ ni àbùlà náà wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ jù ni pé sátẹ́láìtì pọ̀ sí i: lónìí rófà kan lè gbọ́ ti Amẹ́ríkà, ti Rọ́ṣíà, ti Yúróòpù àti ti Ṣáínà pọ̀.

Nílẹ̀ wa, iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ti pẹ́ ju sátẹ́láìtì lọ fíìfíì. Herbert Macaulay tí gbogbo wa mọ̀ sí olóṣèlú, sọ̀féyọ̀ ni. Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ṣẹ́, ó padà sí Èkó ní 1893. Ọdún 1908 ni ilé ẹ̀kọ́ sọ̀féyọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ báyìí bẹ̀rẹ̀. Òpó tí wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n Nàìjíríà, L40, wà ní Minna, ìwọ̀n Minna yìí ni ọ̀pọ̀ pláànù ilẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní. Sátẹ́láìtì ò mọ Minna. Ó ní ìwọ̀n tirẹ̀, WGS84, bí èèyàn bá sì gbé nọ́ńbà ọ̀kan sórí èkejì láìyí i padà, ní Èkó, nǹkan bí 100 mítà ló fi máa ṣìnà. Kéèyàn tó béèrè bóyá bátìrì ẹ̀rọ kún, ìwọ̀n tí wọ́n yàn sínú rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Bí wọ́n bá dé sáìtì láàárọ̀, béèsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ibi tó ṣí sójú ọ̀run ni wọ́n ń wá, kó jìnnà sí igi, sí òrùlé páànù, sí ilé onígíláàsì, torí ohùn tó bá kọ́kọ́ lu páànù kó tó dé ẹ̀rọ ti rìn jù, irọ́ ló sì máa pa. Wọ́n á ki ẹsẹ̀ tíráípọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọlẹ̀, wọ́n á máa yí ìdè rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ róbótó inú gíláàsì kékeré á fi dúró láàárín, wọ́n á sì rí i pé ìṣó orí bíkọ́ọ̀nù, ìyẹn òpó tí wọ́n ti mọ nọ́ńbà rẹ̀, wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni téèpù. Wọ́n á wọn gíga láti orí ìṣó dé ibi àmì tó wà lára ẹ̀rọ, ọ̀gá á sì ní kí ẹlòmíràn tún un wọ̀n.

Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn kì í ṣe àṣejù. Ká ní téèpù sọ 1.65 mítà, tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ wá tẹ 1.56. Ẹ̀rọ kò ní pariwo. Ojú rẹ̀ á máa kọ Fixed, ìyẹn ni pé ó ti rí iye odidi ìgbì, nọ́ńbà á máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo gíga tó bá sọ lọ́jọ́ náà á sì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án rẹlẹ̀ ju òótọ́ lọ, iṣẹ́ á wá ga ju bó ṣe yẹ. Gọ́tà tí wọ́n fà lánàá àti èyí tí wọ́n fà lónìí á pàdé, omi tó ń bọ̀ látinú tàná á dé ẹnu tòní, á kọ̀, kò ní kọjá.

Bọ́tìnì kan tún wà tó ń jẹ́ Here. Bí béèsì bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ á béèrè nọ́ńbà òpó tó dúró lé. Ọ̀lẹ á tẹ Here, ẹ̀rọ á méfò, ó lè fi mítà méjì tàbí mẹ́ta ṣì í. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa fura, torí gbogbo èèkàn ló jọ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìméfò tuntun ni, òpó ilé tọjọ́ kejì kò sì ní bá tàná mu. Sọ̀féyọ̀ gidi kì í kan èèkàn kankan kó tó gbé rófà lọ sórí bíkọ́ọ̀nù mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, kó wò ó bóyá ẹ̀rọ àti ìwé fohùn ṣọ̀kan. Á tún padà síbẹ̀ kó tó ká ẹ̀rọ.

Gíga ní ẹjọ́ tirẹ̀. Orí ayé dídán inú ìṣirò ni sátẹ́láìtì ti ń wọn gíga; omi ò mọ ìyẹn, ibi tí agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀ bá darí rẹ̀ sí ló ń ṣàn gbà. Ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, ìyàtọ̀ méjèèjì lé ní 20 mítà. Lára àwọn tó ṣe ìṣirò tó jẹ́ ká mọ bí ayé ṣe rí gan-an ni Gladys West, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó wọṣẹ́ ní ibùdó ológun ojú omi ní Dahlgren, ní Virginia, ní 1956, nígbà tí òfin ṣì ń ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ó di 2018 kí ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà tó fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn aṣáájú tí wọ́n ń bu ọlá fún. Ó yẹ kí orúkọ yẹn gbajúmọ̀ jù báyìí lọ láàárín wa.

Ewu mìíràn wà tí kò jẹ mọ́ nọ́ńbà. Ọ̀pá rófà máa ń gùn tó mítà méjì, wọ́n sì lè fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Carbon fibre ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ wọn: ó fúyẹ́, ó dúdú, ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ lè rò pé rọ́bà ni. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní àwọn àdúgbò wa tí wáyà iná ti sọ̀ wálẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ wòkè kó tó fa ọ̀pá gùn. Bí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, ọ̀pá á dùbúlẹ̀, èèyàn á wọlé. Rédíò béèsì tó ń jẹ bátìrì mọ́tò lè gbé iná 35 wáàtì jáde. A gbọ́dọ̀ ti so eríà rẹ̀ mọ́ ọn ká tó tàn án, a kì í sì í dì í mú bó bá ń sọ̀rọ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ojú ọmọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí ara ẹ̀rọ ló wà. Ẹ̀rọ ní kó sún 40 sẹ̀ǹtímítà sápá òsì, ó ń sún, bẹ́ẹ̀ kòtò ìpìlẹ̀ ló wà lápá òsì, tàbí kí tírélà máa bọ̀. Lójú títì, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo ọ̀nà lọ.

Ìrọ̀lẹ́ wa tún ní wàhálà tí ará Jámánì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Ìlà agbedeméjì ti òòfà ayé gba Nàìjíríà kọjá. Bí oòrùn bá ti wọ̀, pàápàá ní nǹkan bí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, ìpele òkè ọ̀run tó kún fún iná mànàmáná máa ń dà rú, ohùn sátẹ́láìtì á máa gbọ̀n, Fixed á di Float, ìyẹn ni pé iye odidi ìgbì kò dá ẹ̀rọ lójú mọ́, sẹ̀ǹtímítà á fò di mítà. Ọ̀gá tó mọ̀ kì í fi èèkàn sí aago mẹ́jọ alẹ́. Lábẹ́ afárá àti nínú ilé tí wọ́n ti da dẹ́kìn rẹ̀, ọ̀sán pàápàá kò sàn, torí kò sí ọ̀run tí ẹ̀rọ máa wò. Ibẹ̀ ni total station, ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ tí kì í gbára lé sátẹ́láìtì, tó sì ti wà ṣáájú RTK, ṣì ti ń jẹun: rófà á fi bíkọ́ọ̀nù méjì lélẹ̀ níta gbangba, total station á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé.