Tẹlifíṣàn QLED Àti Májèlé Tó Ń Jẹ́ Kádímíọ̀mù

Tẹlifíṣàn tí wọ́n kọ QLED sí lára ti wà lọ́jà, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń tàn yòò. Kí ló ń mú un tàn bẹ́ẹ̀? Ṣé kò lè pa ọmọ lára?

Àwọn hóró tín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní quantum dot ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ní fẹ̀ ju fọ́nrán irun kan lọ. Bí iná bá tàn sí wọn, àwọn náà á tan ìmọ́lẹ̀ tiwọn. Èyí tó kéré jù máa ń tàn búlúù, èyí tó tóbi jù máa ń tàn pupa.

Kádímíọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀, májèlé sì ni. Ó lè pẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú kíndìnrín. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Ní Toyama, ní orílẹ̀-èdè Japan, ó ti ibi ìwakùsà wọ odò Jinzu, ó sì dé inú ìrẹsì. Egungun àwọn ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ní 1968, ìjọba kéde pé kádímíọ̀mù ló fà á.

Àwọn onímọ̀ wá rí i pé bí hóró náà ṣe tóbi tó ló ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Nítorí náà, wọ́n fi indium phosphide rọ́pò kádímíọ̀mù. Samsung gbé irú tẹlifíṣàn bẹ́ẹ̀ jáde ní 2015. Wọ́n tún ń fi manganese díẹ̀ sínú irú hóró bẹ́ẹ̀, kí ó lè máa tàn, kí ẹ̀rọ MRI tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara sì lè rí i. Yàrá ìwádìí ni iṣẹ́ yìí ṣì wà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín bí oògùn, ẹ sá fún un.

Ẹ fọkàn balẹ̀, wíwo tẹlifíṣàn kò lè kó májèlé yìí sí ọmọ lára, inú ike ni wọ́n dé hóró náà mọ́. Ìgbà tó bá bàjẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra: ẹ má ṣe sun ún, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tú u. Ẹ wo bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí à ń cháàjì náà. Bí ẹ bá rí Ni-Cd lára rẹ̀, kádímíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jù ú sínú iná tàbí sí ẹ̀bá kànga. Ẹ̀yin bàbá tó ń fa sìgá, ó wà nínú èéfín tiyín náà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.