Kí Lẹ Fẹ́ Tẹ́ Sílẹ̀ Ilé Yín?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Owó tá a fi òógùn ojú kó jọ nísọ̀ là ń ná lé e lórí, ẹni tó bá sì ṣì í yàn, á san án lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nílé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́, àpáàdì ni wọ́n ń tò sílẹ̀ gbọin-gbọin, wọ́n sì ń rí i hú títí di òní. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwo, ló pàṣẹ rẹ̀, torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ máa ba aṣọ òun jẹ́. Ẹ ò rí i pé obìnrin ló mọ ohun tó yẹ ilẹ̀!

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ń rìn níbẹ̀? Kí ló ń dà síbẹ̀? Ṣé omi ń gòkè wá láti abẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún? Ìka ò dọ́gba. Ohun tó yẹ pálọ̀ lè má yẹ balùwẹ̀.

PÁLỌ̀: Èrò pọ̀ níbẹ̀, iyanrìn sì ń bá bàtà wọlé. Táìsì tó le dáa níbẹ̀, torí omi àti ìgbálẹ̀ ti tó o. Tẹ́rásò náà kì í gbó bọ̀rọ̀. Ẹ wo àwọn ilé ìwé àti ilé ìjọba àtijọ́. Rọ́ọ̀gì ńlá tó bo gbogbo ilẹ̀ máa ń fa eruku mọ́ra. Tí ọmọ tàbí àgbà tó ní ikọ́ fée bá wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ra kékeré tẹ́ ẹ lè gbé síta gbọ̀n.

YÀRÁ: Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà kò wọ́n, ó sì rọrùn láti nù. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ń sun omi, abẹ́ rẹ̀ á hu èéhù, yàrá á máa rùn. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kó sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́ọ̀gì síbẹ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tuntun náà ní láti gbẹ dáadáa, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

ILÉ ÌDÁNÁ: Epo pupa ń dà, iná ń ta. Rọ́bà àti rọ́ọ̀gì kò gbọdọ̀ sún mọ́ sítóòfù. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rẹ́ dáadáa tàbí táìsì tí kì í yọ̀ ló yẹ.

BALÙWẸ̀: Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Táìsì tó ń dán bíi dígí, ara ògiri ló yẹ. Tí omi ọṣẹ bá kàn án nílẹ̀, á máa yọ̀ bí ilá. Àgbàlagbà tó bá ṣubú níbẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ lè dá, ẹlòmíràn kì í sì dá rìn mọ́. Owó ọjà á wá di owó ọsibítù. Èyí tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki ni kẹ́ ẹ rà. Ní ìsọ̀ táìsì, ẹ ní kí wọ́n da omi sí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ rà á. Tó bá ń yọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ sọ fún bíríkìlà pé kí ilẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ síbi tí omi ń gbà jáde. Ẹni tó ti lẹ èyí tó ń yọ̀ tẹ́lẹ̀, kó tẹ́ ẹní rọ́bà tí kì í sún síbi tí wọ́n ń dúró wẹ̀.

ÌṢIRÒ: Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ wọn yàrá kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Tó bá jẹ́ mítà 4 ní gígùn, mítà 3 ní fífẹ̀, 4 lọ́nà 3 jẹ́ 12. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé. Ó di 13.2. Tí páálí kan bá bo 1.5, páálí 9 lẹ máa rà. Ẹ wo nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára páálí, kí gbogbo rẹ̀ bára mu, kẹ́ ẹ sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá fọ́, ẹ lè má rí irú rẹ̀ rà mọ́.

Tówó ò bá tó, ẹ má yáwó tìtorí táìsì. Sìmẹ́ǹtì tó dán, tó mọ́, pẹ̀lú ẹní lórí ẹ̀, kì í ṣe ìtìjú. Àmọ́ balùwẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Àlejò lè má débẹ̀, ìyá yín ń débẹ̀ lójoojúmọ́.

Ajé á bá wa gbé o.