Kí Ló Wà Nínú Síbí Tí Kì í Dípẹtà?

Ẹ yí síbí tó wà nílé yín dà. Bí ẹ bá rí 18-8 tàbí 18-10 lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. 18 ni ìwọ̀n kúrómíọ̀mù nínú ọgọ́rùn-ún. 8 tàbí 10 ni ti níkẹ́ẹ̀lì. Irin ló pọ̀ jù nínú ìyókù.

Ìmọ̀ nípa irin ni mò ń kà báyìí, ìlú tó sì máa ń wù mí sọ̀rọ̀ bá di ti síbí ni Tsubame, ní agbègbè Niigata ní Japan. Iṣó ni wọ́n ń rọ níbẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ bàbà. Láàárín 1910 sí 1920 ni wọ́n bọ́ sórí síbí àti fọ́ọ̀kì tí wọ́n ń tà sókè òkun, bẹ́ẹ̀ igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni àwọn fúnra wọn fi ń jẹun! Lónìí, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún síbí àti fọ́ọ̀kì onírin tí Japan ń ṣe tó ń ti Tsubame jáde. Èyí tí wọ́n ń lò níbi àsè ẹ̀bùn Nobel láti 1991, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe é.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ìpẹtà ara irin lásán máa ń ṣí kúrò, omi á sì tún jẹ èyí tó wà lábẹ́. Ti kúrómíọ̀mù yàtọ̀. Òun àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú ò lè rí, tó bo gbogbo ara síbí. Bí nǹkan bá ha á, awọ náà á tún ara rẹ̀ ṣe.

Iyọ̀ àti bíléèsì ni ọ̀tá awọ yìí. Tí síbí bá sùn mọ́jú nínú wọn, ihò wínníwínní lè dá sí i lára. Ẹ tètè fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ.

Ọ̀bẹ ńkọ́? Torí kó lè mú, irin tó ṣe é mú le ni wọ́n fi ń ṣe é, kúrómíọ̀mù rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ bíi 13 péré. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dípẹtà ṣáájú síbí tí wọ́n jọ wà nínú páálí kan náà. Wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà. Bí síbí tí wọ́n pè ní 18-10 bá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 18-0, tí kò ní níkẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ kò lè fara da iyọ̀ tó ìkejì. Ẹ má san owó 18-10 lé e lórí.