Ìdènà àti Ìtọ́jú Àrùn àti Kòkòrò Lára Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, kì í ṣe ohun ọ̀gbìn àbáláyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn òyìnbó Potogí ni ó kó o wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àlejò yìí ni gààrí, láfún àti fùfú ọ̀pọ̀ ilé gbára lé lónìí, nítorí náà ohun tí ó bá ṣe ewé rẹ̀ lóko, ìdí ààrò ni yóò ti hàn.

Àrùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí tí ń sọ ewé di àmúlùmálà: apá kan a tutù yọ̀yọ̀, apá kejì a pọ́n bí ewé tí ó fẹ́ rẹ̀, ewé náà a sì ká kò. Àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ ti wà láti ọdún 1894 ní ibi tí a ń pè ní Tàǹsáníà lónìí. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Kòkòrò funfun wínníwínní tí ń gbé abẹ́ ewé a máa gbé e kiri, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò kà sí: igi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn. Bí àrùn bá ti wà nínú igi, ohun tí yóò hù láti ara rẹ̀ kò ní ṣàì jogún rẹ̀.

Ojú lásán tó láti fi mọ orísun rẹ̀. Bí ewé ìsàlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ yọ bá ti ní àmì, inú igi ni àrùn ti wá. Bí ó bá jẹ́ ewé òkè nìkan, kòkòrò ni ó gbé e dé lẹ́yìn tí ẹ̀gẹ́ ti hù. Kí a tètè ṣe àyẹ̀wò yìí, torí ewé ìsàlẹ̀ kì í pẹ́ rẹ̀ dànù.

Kò sí oògùn tí ń wo àrùn yìí lóko. Kí a fa èyí tí ó bá ní in tu ní kékeré. Àṣìṣe ńlá ni kí a máa ṣa igi lẹ́yìn tí a ti tu ẹ̀gẹ́ tán, nígbà tí ewé tí ìbá jẹ́rìí kò sí mọ́. Orí ìdúró ni kí a ti sàmì sí èyí tí ara rẹ̀ dá, kí a gé àárín igi tí ó ti tó oṣù 8 sí 12, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹ̀yà bíi TME 419 a máa kojú àrùn náà dáadáa.

Ti kòkòrò ẹlẹ́fun yàtọ̀. Ṣóńṣó ẹ̀gẹ́ ni ó máa ń bò bí ẹni pé a bu láfún lù ú. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ó dé ilẹ̀ Kóńgò, ó sì tàn dé Nàìjíríà, torí ó ti fi àwọn ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 1981, àwọn onímọ̀ rí i ní Paraguay pẹ̀lú agbọ́n kan tí kò tó ẹ̀fọn ní títóbi. Agbọ́n yìí a máa yé ẹyin sínú kòkòrò náà, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ láti inú. IITA tí ó wà ní Ìbàdàn ni ó sìn ín, tí ó sì tú u sílẹ̀. Hans Herren tí ó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Oògùn apakòkòrò tí a bá fọ́n sí ẹ̀gẹ́ yóò pa agbọ́n yìí pẹ̀lú. Ohun tí ó sàn jù ni kí a tètè gbin ẹ̀gẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kí ó lè ta gbòǹgbò kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, kí a sì bọ́ ilẹ̀ tí ó ti ṣá, torí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ẹlẹ́fun ti máa ń borí agbọ́n.