Ìwádìí Ìrìn Àwọn Ará Ilé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Kí ìjọba tó la ọ̀nà tuntun, tàbí kí ó tó pinnu ibi tí ọkọ̀ èrò yóò máa dúró, ó di dandan kí ó mọ ibi tí àwọn ará ìlú ń lọ lójoojúmọ́, àkókò tí wọ́n ń jáde nílé, àti ohun tí wọ́n ń wá lọ. Kíka ọkọ̀ ní oríta nìkan kò tó. Ẹni tí ń ka ọkọ̀ kò lè mọ̀ bóyá ọjà ni èrò inú rẹ̀ ń lọ tàbí ilé ìwòsàn. Kò sì ní rí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Inú ilé ni a ti ń béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1969 ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí yìí káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Nígbà náà, àwọn abéèrè ń lọ láti ilé dé ilé. Nígbà tí ó yá, tẹlifóònù gba iṣẹ́ náà, títí di ìwádìí ti ọdún 2009. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa tẹlifóònù inú ilé tì, ọ̀nà mìíràn di ohun tí a gbọ́dọ̀ wá. Fún ìwádìí ti ọdún 2017, àwọn olùṣèwádìí ṣa àwọn ilé láti inú àkójọ àdírẹ́sì, wọ́n kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n sì yan ọjọ́ kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan láti ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ìrìn rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti lè dáhùn. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lè fi tẹlifóònù dáhùn. Àwọn ìdílé tí ó dáhùn lé ní 129,000.

Àǹfààní ọ̀nà yìí kò kéré. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé òun jáde ní agogo mẹ́jọ, tí òun sì dé ibi iṣẹ́ ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, ẹ̀rọ lè tún bi í léèrè lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ àbùkù wà níbẹ̀. Bí a bá kàn gbé ìbéèrè kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́, àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní ìkáwọ́ wọn nìkan ni yóò dáhùn, bí ìdáhùn wọn sì ti wù kí ó pọ̀ tó, kò lè sọ ìrìn àwọn yòókù. Bákan náà, baálé tí ó dáhùn fún gbogbo ilé lè má mọ iye ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde lọ pọn omi tàbí lọ mú ọmọ wálé láti ilé ìwé.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún Nàìjíríà. Alárù àti ìyá tí ń gbé ata lọ sí ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́ lè má ní owó tí wọn yóò fi wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn gan-an ni ọkọ̀ èrò wúlò fún jù lọ. Ìwádìí tí yóò bá ṣe wọ́n láǹfààní gbọ́dọ̀ ní abéèrè tí yóò kan ilẹ̀kùn wọn, tí yóò sì fi èdè wọn bá wọn sọ̀rọ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.